ÀYẸ̀WÒ ẸNU ILÉ-ỌMỌ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN OBÌNRIN ÌJỌ, LÁTI ỌMỌDÉ DÉ ÀGBÀ

  Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, àwòrán àwọn àgbà ìjọ, ìtàn bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó dáwó ni a sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fo ojú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà níbí kan ìyá, ó kan ìyàwó, ó kan ọmọbìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ bàbá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni, àti àyẹ̀wò tí a fi ń rí i kí ó tó di àrùn.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ti ẹlòmíràn lójú. Bí ibà bá ń ṣe wá, a óò dìde níwájú ìjọ, a óò ní kí wọ́n gbàdúrà fún wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan abẹ́ obìnrin, a óò bò ó mọ́ra títí apá kò fi ní ká a mọ́. Ìtìjú yìí ti pa ọ̀pọ̀ ìyá. Nítorí náà a óò sọ ọ́ gbangba, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

1. KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Ilé-ọmọ obìnrin dà bí akèrègbè kékeré tí a dorí rẹ̀ kodò. Ọrùn akèrègbè náà wà nísàlẹ̀, ó sì ṣí sínú ojú ara. Ibẹ̀ ni à ń pè ní ẹnu ilé-ọmọ. Ibẹ̀ ni nǹkan oṣù ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ló sì ń ṣí nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wáyé. Jẹjẹrẹ tí a ń wí yìí, ẹnu ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe èpè ló ń fà á, kì í ṣe ọwọ́ ìyáálé, kì í sì í ṣe àjẹ́. Kòkòrò àrùn kan ni, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HPV. Dókítà ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló fi hàn pé kòkòrò yìí wà nídìí jẹjẹrẹ náà. Ní 1983 àti 1984 ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí irú kẹrìndínlógún àti irú kejìdínlógún nínú ẹ̀yà kòkòrò náà. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Lónìí a mọ̀ pé ẹ̀yà méjì yìí nìkan ló ń fa nǹkan bí méje nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ mẹ́wàá.

Ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni kòkòrò náà sábà máa ń bá wọlé. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ń kó o nígbà kan láyé wọn, tí wọn kò sì ní mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, ara fúnra rẹ̀ ni yóò lé e jáde láàárín ọdún kan sí méjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn díẹ̀, kò ní lọ. Yóò jókòó sí ẹnu ilé-ọmọ, yóò máa ba ara ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń gbà á tó ọdún 15 sí 20 kí ìbàjẹ́ náà tó di jẹjẹrẹ. Bí ara obìnrin náà kò bá lágbára, bíi ti ẹni tó ní kòkòrò HIV tí kò gba ìtọ́jú, ó lè jẹ́ ọdún 5 sí 10.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí. Àrùn tó ń gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbilẹ̀, àyè ló fi sílẹ̀ fún wa. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ, díẹ̀ ló wà tí a lè rí kí ó tó di jẹjẹrẹ báyìí, tí a sì lè mú kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

2. KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń PA WÁ?

Ní ọdún 2020, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí 12,000 obìnrin ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 ló sì pa. Ní gbogbo àgbáyé lọ́dún 2022, ó pa nǹkan bí 350,000 obìnrin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bíi 94 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ará ilẹ̀ tí kò lówó bíi tiwa. Ṣé ara àwọn òyìnbó le ju tiwa lọ ni? Rárá o. Wọ́n ń tètè wò ó ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1988 ni ìjọba ti ń kọ ìwé sí obìnrin kọ̀ọ̀kan nílé rẹ̀ pé, àkókò àyẹ̀wò rẹ ti tó, máa bọ̀. Láti ọmọ ọdún 25 títí dé 64 ni ìwé náà ń wá. Àwọn ọmọ wa obìnrin tó wà ní London mọ ìwé yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Ìlá, tàbí èyí tó wà lóko lọ́nà Ọ̀rà, ta ni ń kọ ìwé sí i? Kò sí. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá já ni yóò tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ń bá wí. Ìyá kan ti pé ọdún 56. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Lọ́jọ́ kan ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ ti tún di ọ̀dọ́ o!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó ra àgbo. Ẹ̀jẹ̀ dúró, ó tún wá. Omi tó ń rùn bẹ̀rẹ̀ sí jáde, kò sì jókòó ti ènìyàn mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di ọdún kan kí ó tó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ti kúrò lẹ́nu ilé-ọmọ, ó ti ràn mọ́ ara tó yí i ká. Ẹ̀rín ọjọ́ náà ti di ẹkún. Irú ìtàn yìí, ta ni kò mọ ọ̀kan nínú wa?

3. ṢÉ ÀYẸ̀WÒ KÌ Í ṢE ÀÌNÍGBÀGBỌ́?

Ìbéèrè yìí yẹ kí a dáhùn, nítorí Aládùúrà ni wá. A gbà pé Ọlọ́run ń wò sàn, a sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Mímọ́ sí Léfítíkù orí kẹtàlá, kí a fara balẹ̀ kà á. Bí ẹnì kan bá rí àmì kan lára rẹ̀, Olúwa ní kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ àlùfáà. Àlùfáà yóò wò ó. Bí kò bá dá a lójú, yóò sé ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ méje, yóò sì tún wò ó. Bí kò bá tíì hàn dájú, yóò tún fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, yóò tún wò ó. Kí ni èyí bí kò ṣe àyẹ̀wò, àti àtúnwò? Ọlọ́run tó lè wò sàn lójú ẹsẹ̀ náà ló pa á láṣẹ pé kí ènìyàn fi ojú wo ara ẹnìkejì rẹ̀, kí ó sì tún padà wò ó nígbà tí àkókò bá tó.

Ní Lúùkù orí kẹtàdínlógún, àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké pe Jésù. Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ló ní kí wọ́n lọ fi ara wọn hàn, bí wọ́n sì ti ń lọ lọ́nà ni wọ́n di mímọ́. Ìwòsàn Olúwa àti àyẹ̀wò ènìyàn pàdé ní ọ̀nà kan náà. Lúùkù tó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, oníṣègùn ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ tún rántí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀. Ọdún méjìlá ni ẹ̀jẹ̀ fi dà lára rẹ̀. Òfin ìgbà náà kà á sí aláìmọ́, síbẹ̀ kò jókòó sílé nítorí ìtìjú. Ó wọ àárín èrò. Ẹ jẹ́ kí a fi ara jọ ọ́ nínú èyí náà. Ẹ gbàdúrà lọ sí ọsibítù, ẹ sì gbàdúrà bọ̀.

4. BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń ṢE É?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

(a) Ti ọtí kíkan. Nọ́ọ̀sì yóò ní kí ìyá dùbúlẹ̀, yóò rọra fi irinṣẹ́ kan ṣí ojú ara kí ó lè rí ẹnu ilé-ọmọ. Yóò fi òwú tí a rì sínú ọtí kíkan tí a ti bu omi là kan ibẹ̀, yóò dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá ti ń bàjẹ́ yóò funfun. Lójú ẹsẹ̀ ni èsì ń jáde.

(b) Ti Pap. Dókítà ará Gíríìsì kan tó ṣiṣẹ́ ní New York, George Papanicolaou, ló ṣe é. Ọdún 1943 ni ìwé ńlá tí òun àti Herbert Traut kọ lórí rẹ̀ jáde. Wọn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba nǹkan díẹ̀ lẹ́nu ilé-ọmọ, wọn yóò sì gbé e lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Èsì rẹ̀ kì í jáde lọ́jọ́ kan náà.

(d) Ti HPV. Èyí ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, òun sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí jù báyìí. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé obìnrin lè fi òwú orí igi gba nǹkan náà lára ara rẹ̀, kí ó sì kó o fún nọ́ọ̀sì. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni wo ìhòòhò rẹ̀.

Bí wọ́n bá rí ibi tó ń bàjẹ́ tí kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n lè fi òtútù líle tàbí ooru pa á níbẹ̀, ìyá yóò sì lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kò yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di jẹjẹrẹ, ó di iṣẹ́ abẹ, tàbí ìtọ́jú onítànṣán àti oògùn líle, irú èyí tí à ń torí rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí ibòmíràn tó jìnnà. Ẹ ka iye owó ọkọ̀ nìkan, láti Ìlá gba Ìkìrun dé Òṣogbo, láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ó rí i pé àìlọ ló wọ́n jù lọ.

5. ỌJỌ́ ORÍ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI OHUN TÓ YẸ Ẹ́

Ọmọ ọdún 9 sí 14: Kì í ṣe àyẹ̀wò ló kan àwọn wọ̀nyí, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, kí kòkòrò náà má lè ríbi wọlé. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024 ló kan àwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ọmọ yín kò bá sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ mú un lọ sí ibùdó ìlera tó súnmọ́ yín, kí ẹ béèrè.

Ọ̀dọ́bìnrin ọdún 15 sí 29: Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, kò tíì kan àyẹ̀wò, nítorí ara ṣì ń lé kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní HIV kò gbọ́dọ̀ dúró dé 30. Láti ọdún 25 ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa padà lọ lẹ́yìn ọdún 3 sí 5. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ tó bá ń já lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kì í wo ọjọ́ orí. Kí ẹni náà lọ rí dókítà.

Ìyá ọdún 30 sí 49: Ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ó yẹ kí gbogbo yín ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ ti HPV, tí wọn kò sì rí nǹkan, ẹ lè sinmi fún ọdún 5 sí 10. Bí ó bá jẹ́ ti ọtí kíkan tàbí ti Pap, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọdún 3. Bí agbára kò bá gbé e rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dín sí ẹ̀ẹ̀mejì: kí ẹ ti ṣe ọ̀kan kí ẹ tó pé 35, kí ẹ sì tún ṣe òmíràn kí ẹ tó pé 45. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè gbogbo máa lé nìyẹn, láti oṣù kọkànlá ọdún 2020: kí 70 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ti ṣe é báyìí.

Ìyá tó ti lé ní 50: Bí ẹ bá ti ń lọ bó ṣe yẹ, tí ìgbà méjì tó kẹ́yìn kò sì ní nǹkan nínú, ẹ lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe é rí, ẹ má ṣe wí pé, "Mo ti kúrò níbẹ̀, mi ò bímọ mọ́." Ọjọ́ orí yín gan-an ni kòkòrò tó wọlé ní ogún ọdún sẹ́yìn ń hàn. Ẹ béèrè fún ti HPV tàbí ti Pap, nítorí ti ọtí kíkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró; ibi tó yẹ kí wọ́n wò ti fà sẹ́yìn sínú. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìyẹn ti kọjá àyẹ̀wò lásán.

6. ÌBÉÈRÈ TÍ A SÁBÀ Ń GBỌ́

"Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà kì í jẹ́ kí ọmọ bímọ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ni wọ́n ń gún un sí, kò sì ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ilé-ọmọ. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún ọmọ tiwọn láti 2008, Rwanda láti 2011. Ní ọdún 2021 ni wọ́n ṣe ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí wọ́n fún ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ yìí ti fi 87 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà yóò ṣì ṣe àyẹ̀wò bó bá dàgbà.

"Bí wọ́n bá rí HPV lára mi, ọkọ mi yóò ní mo ṣe panṣágà." Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kòkòrò náà lè sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn. Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó wọlé tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá. Ọkùnrin ń gbé e kiri láìrí àmì kankan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ilé rẹ̀ ká lórí èsì àyẹ̀wò. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ yín gbé ìyàwó yín lọ.

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí." Ẹ̀yin tí nǹkan kan kò ṣe gan-an ni àyẹ̀wò wà fún. Ẹ wo àwọn adẹ́mu wa ní Ìlá níbí. Igbà kò já lánàá, kò já níjẹta, síbẹ̀ adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìyẹ igbà rẹ̀ wò. Kò dúró kí ó já kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lókè ọ̀pẹ, ó ti pẹ́ jù.

7. OHUN TÍ ÌJỌ LÈ ṢE

A ti sọ pé kò sí ẹni tó ń kọ ìwé ìpè sí àwọn ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí ìjọ jẹ́ ìwé ìpè náà. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìwé kan tí akọ̀wé yóò máa kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ àyẹ̀wò àti ọdún tó yẹ kí ẹni náà padà lọ sí. Kí ó má ṣe kọ èsì síbẹ̀ o. Èsì, ti ẹni tó ni ín ni.

Èkejì, kí àwọn alàgbà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ní Ìlá àti Òkè-Ìlá, kí wọ́n béèrè irú àyẹ̀wò tó wà, iye rẹ̀, àti bóyá wọ́n lè wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí kò bá sí nítòsí, ọsibítù ńlá ti UNIOSUN wà ní Òṣogbo, ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ti Yunifásítì Ìlọrin náà wà. Bí ìyá mẹ́wàá bá jọ gba ọkọ̀ kan, ìnáwó yóò fúyẹ́, ojú kò sì ní tì wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá àgbẹ̀bí wa, etí yín ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí obìnrin kò lè sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó já lásìkò tí kò yẹ, omi tó ń rùn, ìrora abẹ́ ikùn tí kò lọ: bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Ọdún mélòó ni ó sábà máa ń gbà kí kòkòrò HPV tó di jẹjẹrẹ, àǹfààní wo sì ni èyí fún wa?
2. Kí ni a rí kọ́ nípa àtúnwò nínú Léfítíkù orí kẹtàlá?
3. Ìyá ọdún 36 kan kò ṣe àyẹ̀wò rí. Kí ni ẹ ó sọ fún un? Ìyá ọdún 58 ńkọ́?
4. Ta ni yóò tọ́jú ìwé orúkọ nínú ẹgbẹ́ wa, ìgbà wo ni yóò sì bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè kẹrin yìí di ti ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí a bá tún pé jọ fún àjọyọ̀ mìíràn, kí a má ṣe wá ìyá kankan tì nítorí ohun tí a lè fi òwú àti ọtí kíkan rí. Kí Olúwa kí ó fún wa ní òye láti mọ̀, àti ẹsẹ̀ láti lọ. Àmín.